Ààrò Bàbá àti Àwọn Fèrèsé Tuntun

Padova, ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹwàá, 2003

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ kú òtútù tó ń bọ̀, ẹ kú ìdáwà, ẹ kú iṣẹ́ àgbàdo. Ṣé ẹsẹ̀ yín ti fúyẹ́? Ṣé ajá yẹn ṣì ń gbó gbogbo ẹni tó mọ̀, tó sì ń ju ìrù sí olè? Èmi wà láàyè. Ẹ̀yìn ń dùn mí, àmọ́ ẹni tó bá ń gbé àgbàlagbà dìde lórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́ẹ̀mẹ́fà lójúmọ́ mọ ibi tí ẹ̀yìn ríro ti ń wá.

Ìyáàfin Ottavia tí mò ń tọ́jú kò dá mi mọ̀ mọ́ rárá. Carla ló ń pè mí. Carla lorúkọ ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní Milano, tí kì í wá. Lánàá ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Carla, o mà ti sanra o!" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá." Kí ni kí n wí? Tí mo bá ní èmi kọ́ ni Carla, ẹkún ló máa sun di ìrọ̀lẹ́. Mo kàn ń jẹ́ Carla lọ ni. Nígbà tí mo dé ilé ìdáná, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ṣé àwọn tó fẹ́ wá fi fèrèsé ti dé? Fèrèsé oníke ni, onígíláàsì méjì, irú èyí tó wà nílé olórí abúlé. Màmá, ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ ti àtijọ́ kúrò pátápátá. Mo mọ̀ pé Bàbá ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ẹ kó tó kú, àmọ́ inú gbogbo férémù yẹn ló ń jò. Ẹ rántí bí a ṣe máa ń fi àkísà àti ìwé ìròyìn dí i lọ́dọọdún, tí atẹ́gùn á ṣì máa wọlé. Atẹ́gùn abẹ́ ilẹ̀kùn ló pa ìyá yín, ẹ̀yin náà lẹ sọ fún mi. Tí ilẹ̀kùn méjì bá ṣí lẹ́ẹ̀kan náà nílé wa, ẹ̀yin lẹ máa ń pariwo bí ẹni pé ìkookò ló wọlé. N ò fẹ́ kí ó pa yín tẹ̀lé ìyá yín.

Mo ti fi ìròyìn tó dùn jù pa mọ́ sí ìparí: ìwé ìgbélùú mi ti jáde! Ọdún keje rèé tí n kò rí yín sójú. Mo máa wá ṣe Kérésìmesì tiwa, ti oṣù Kìíní, lọ́dọ̀ yín. Nicanor tó ń wa bọ́ọ̀sì ló máa gbé mi bọ̀, òun náà ló gbé lẹ́tà yìí. Látìgbà tí àwọn olè ti gé wáyà tẹlifóònù abúlé wa lọ tà, bọ́ọ̀sì rẹ̀ nìkan ló kù tí mo fi ń gbọ́ ohùn yín. Ẹ fún un ní àsálà díẹ̀ bọ̀ wá fún mi.

Èmi ọmọ yín,
Zina


Valea Nucilor, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹwàá

Zina ọmọ mi,

Ọlọ́run á máa ṣọ́ ẹ. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, pẹ̀lú kọfí tí n kì í mu àti ọṣẹ tó ń ta sánsán. Mo ti kó ọṣẹ náà sínú àpótí aṣọ, kí ẹnikẹ́ni má fi wẹ̀. Nígbà tí mo ka ibi tí o ti ní ò ń bọ̀ wálé, mo jókòó sórí àga, mo sì gbàgbé pé wàrà wà lórí iná. Ó jóná. Kò dùn mí.

Àwọn tó fi fèrèsé ti wá, ọkùnrin méjì, ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi parí rẹ̀. Wọ́n fún nǹkan kan tó ń wú bí ìyẹ̀fun burẹ́dì tí a pò yí gbogbo etí rẹ̀ ká, débi pé èèrà ò lè rí ọ̀nà gbà. Ó funfun, ó dán. Gbogbo àdúgbò ti wá wò ó tán. Tí mo bá jí, mo máa ń fọwọ́ pa á lára, màá ní, "Zina ló rà á." O ṣeun, ọmọ mi. Ọwọ́ rẹ kò ní rọ.

Àmọ́ ilé ti dákẹ́ jù. N ò gbọ́ ajá mọ́, n ò gbọ́ kẹ̀kẹ́ ẹṣin tó ń kọjá. Ààrò bíríkì tí bàbá rẹ kọ́, tí mò ń sùn lórí rẹ̀, sì ń bínú sí mi. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ló ti fi ń jó, kò tu èéfín sí mi lójú rí, àfi ọdún tí ẹyẹ kọ́ ìtẹ́ sínú ihò èéfín. Báyìí, tí mo bá dáná, iná á kọ́kọ́ gbéra, lẹ́yìn náà á rọ jọwọrọ, á máa pọ́n láìjó, èéfín á sì yíjú padà wá bá mi. Mo ti gbọ́n ihò èéfín, kò sí nǹkan níbẹ̀. Igi gbẹ, igi ọdún méjì ni. Tí mo bá ṣí fèrèsé ìwọ̀n ìka méjì, iná á ké wàá, á jó bó ṣe yẹ. Tí mo bá tún tì í, á kú. Ìwọ tó ti rí ayé, kí lo rí sí i?

Ògiri náà ń làágùn. Omi ń ṣàn lójú gíláàsì àwòrán Màríà Mímọ́ tó wà ní igun. Paraschiva aládùúgbò wọlé wá tọrọ iyọ̀, ó rí i, ló bá figbe ta pé Màríà ń sunkún nílé Agafia. Kí n tó mọ̀, obìnrin mọ́kànlá ti kúnlẹ̀ sílẹ̀ mi, mo sì ro màmálígà àgbàdo fún gbogbo wọn. Wọ́n ní ẹ̀ṣẹ̀ abúlé ló ń sunkún lé lórí. Èmi rò pé òógùn ni, àmọ́ n ò sọ, kí wọ́n má baà ní mo ti di kèfèrí.

Má mú kọfí wá mọ́. Ara rẹ nìkan ni kí o mú wá.

Ìyá rẹ


Padova, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kọkànlá

Màmá,

Ẹ kú ilé. Mo dúpẹ́ fún àsálà.

Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì kí inú mi tó rọ̀, kò sì rọ̀. Ṣé ẹ̀ ń ṣí fèrèsé nínú òtútù? Fèrèsé yẹn? Ọdún méje ni mo fi ń nu ìdí ìyá oníyàá, tí mò ń jẹ́ orúkọ ọmọ ọlọ́mọ, kí òtútù má baà wọlé bá yín, ẹ wá ń fọwọ́ ara yín ṣí i fún un! Ṣé torí pé èmi ni mo rà á, kì í ṣe Bàbá ló gbẹ́ ẹ? Mo mọ̀ yín. Láti kékeré mi, ohunkóhun tí Bàbá bá ti fọwọ́ kàn ti di ohun mímọ́ lójú yín.

Ààrò náà ti gbó ni. Bíríkì rẹ̀ ti là nínú, èéfín ń gba ibẹ̀ jáde, ìyẹn ni gbogbo ẹjọ́ náà. Fèrèsé kọ́ ló fà á. Kí ni fèrèsé fi kan ààrò? Ọ̀kan wà lára ògiri, ọ̀kan wà láàárín ilé.

Mo bẹ̀ yín, ẹ tì í pa. Tí mo bá dé tí mo bá a ní ṣíṣí, inú mi ò ní dùn, Màmá, mo ti sọ ọ́ sílẹ̀. Ìyáàfin Ottavia ń pè mí.

Zina


Valea Nucilor, ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kọkànlá

Zina,

Mo kí ẹ. Adìyẹ méjì ti kú. Yìnyín àkọ́kọ́ ti já bọ́.

Mo ti ti fèrèsé. Gbogbo rẹ̀. N kì í ṣe aláìmoore, ọmọ mi. Kò sẹ́ni tó pè mí bẹ́ẹ̀ rí títí di lẹ́tà rẹ yẹn, ìwọ náà ò sì pè mí bẹ́ẹ̀ ní tààrà, àmọ́ mo mọ ìwé kà.

Òní lórí ti ń fọ́ mi fún ọjọ́ kẹfà. Tí mo bá jáde lọ bọ́ adìyẹ, á fi mí sílẹ̀, tí mo bá padà wọlé, á tún gbá mi mú. Ọjọ́ orí ni. Ààrò ń jẹ igi, kò sì fún mi ní ooru, gbogbo ẹnu rẹ̀ ti dúdú fún èédú. Mo ń sùn pẹ̀lú ẹ̀wù òtútù lọ́rùn lórí pẹpẹ ààrò tí mo ti máa ń sùn láìwọ ìbọ̀sẹ̀.

Mo fi ìgò jáàmù kan ránṣẹ́. Má jẹ́ kí Carla jẹ ẹ́ tán.

Ìyá rẹ


Padova, ọjọ́ keje oṣù Kejìlá

Màmá mi, ìyá mi,

Mo kúnlẹ̀, mo yíìká. Ẹ má bínú sí mi. Ẹnu mi gbóná ju iná lọ, ẹ̀yin náà lẹ sì bí mi.

Ní Ọjọ́bọ̀, lọ́sàn-án tí wọ́n máa ń fún wa láyè, gbogbo àwa obìnrin Moldova tó wà níbí pàdé nínú ọgbà bí a ṣe ń ṣe. Mo sọ ọ̀rọ̀ orí fífọ́ yín. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Feodosia gbé burẹ́dì ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Zina, tí ó bá jáde, ṣé orí fífọ́ náà máa ń fi í sílẹ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní bó ṣe bẹ̀rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n òun àti ìyàwó rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n jẹun ọ̀sán, wọ́n ní àwọn fẹ́ sinmi díẹ̀, wọn ò jí mọ́. Kò sí èéfín nínú ilé tí ẹnikẹ́ni rí, kò sí òórùn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn pọ́n bí ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òde eré dé.

N ò lè jẹun látìgbà náà. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe Ẹ̀gbọ́n Onufrie tó kọ́ṣẹ́ ààrò lọ́dọ̀ Bàbá. Kó wá yẹ̀ ẹ́ wò lónìí, kì í ṣe lọ́la. Kó wó o, tí ó bá ní ó yẹ kí òun wó o. Títí tó fi máa dé, ẹ ṣí fèrèsé. Ẹ ṣí i o! Ohun tí mo sọ níjọ́sí, mo ti kó o jẹ.

Zina yín


Valea Nucilor, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kejìlá

Zinuța mi,

Ayọ̀ ni mo fi kọ èyí.

Onufrie wá. Ó ti darúgbó, o ò ní mọ̀ ọ́n, àmọ́ ẹnu rẹ̀ kò darúgbó. Ó wo fèrèsé, ó wo ààrò, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Agafia, kí ló dé tí o fi di imú rẹ̀?"

Mo ní, "Imú ta?"

"Ti ààrò ọ̀gá mi ni! O di í nímú, o wá ní kó máa jó."

Ó ní kí n dáná. Ó tan àbẹ́là, ó gbé e síwájú ihò kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn. Zina, iná àbẹ́là náà tẹ̀ síwájú wá sínú ilé, bí ẹni pé ẹnìkan ń fà á létí! Onufrie ní, "Ṣé o rí i? Ihò kọ́kọ́rọ́ nìkan ló kù fún un láti mí. Èéfín tó bá gòkè lọ, afẹ́fẹ́ míì gbọ́dọ̀ wọlé dípò rẹ̀. Tí kò bá ríbi gbà wọlé, èéfín náà ò ní lè jáde, á padà wá jókòó tì ọ́. Èyí tí ò ní òórùn nínú rẹ̀ ló sì máa pa ọ́."

Mo ní, ṣebí ọkọ mi ló kọ́ ọ, kí ló dé tí kò ronú sí i? Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Ta ló ní kò ronú sí i? Ṣé o rò pé ẹni tó lè kọ́ ààrò báyìí ò lè gbẹ́ férémù tó pé? Ó mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ kó máa jò ni. Ó máa ń sọ fún mi pé, 'Onufrie, má sọ fún Agafia, ẹ̀rù atẹ́gùn ń bà á.'" Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni mo fi ń fi àkísà dí ohun tí bàbá rẹ ń ṣí sílẹ̀, Zina. Ó ń wò mí, ó sì ń yọ àkísà náà díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn mi! Mo rẹ́rìn-ín, mo sì sunkún, nítorí kò sí níbẹ̀ kí n bú u.

Kò ní kí a yọ fèrèsé rẹ. Ó lu ihò sí ẹsẹ̀ ògiri, ó ti páìpù kan tó nípọn bí apá mi gba abẹ́ pákó ilẹ̀, ó yọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ààrò. Ó fi àwọ̀n wáyà bo ẹnu rẹ̀ lóde nítorí eku. Báyìí, láti ìta ni ààrò ti ń fa afẹ́fẹ́ tirẹ̀, kò tọrọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí a dáná, ó ké bí ọkọ̀ ojú irin. Ògiri ti gbẹ. Màríà Mímọ́ kò sunkún mọ́, Paraschiva sì ń bínú sí Onufrie.

Ohun kan ló kù. Tí iná bá ti kú, òtútù ń gba páìpù náà wá sí mi lẹ́sẹ̀. Onufrie ní òun á mú ọmọrí irin wá lẹ́yìn ọdún, tí n ó máa fi bò ó tí kò bá sí iná, tí n ó sì máa ṣí tí mo bá fẹ́ dáná. Mo ti gbé apẹ̀rẹ̀ igi síwájú rẹ̀ ná. Mo ń ka ọjọ́.

Ìyá rẹ


Valea Nucilor, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù Kìíní, 2004

Zinuța,

Ilé tún ti dákẹ́, kì í ṣe fèrèsé ló fà á lọ́tẹ̀ yìí. Ọjọ́ méje ò tó nǹkan kan. Mo ṣì máa ń gbé àwo méjì kalẹ̀. Nicanor yẹn kò ní rí ire, fèrè tó ń fọn lẹ́nu ọ̀nà níjọ́ tí o ń lọ kò jẹ́ kí n gbá ẹ mọ́ra tẹ́rùn.

Mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún ẹ tí n ò lè sọ lójú. Nígbà tí o lọ tán, mo gbé apẹ̀rẹ̀ igi kúrò kí n gbálẹ̀. Mo bá síkáàfù búlúù rẹ, èyí tí o wé mọ́rùn wá, nínú ẹnu páìpù. O ká a dáadáa, o tì í wọlé le, ọwọ́ rẹ pé bíi ti bàbá rẹ. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Mo rántí bí o ṣe fi ọwọ́ méjèèjì pa ẹsẹ̀ mi, tí o ní, "Màmá, ó tutù bí irin!" O ò sọ fún mi, o kàn bọ́ síkáàfù rẹ fún ẹsẹ̀ mi, o sì lọ sínú òtútù láìní nǹkan lọ́rùn. Ọdún méje ni o ti ń ránṣẹ́ sí mi, ọwọ́ ẹlòmíràn ló sì ń kó gbogbo rẹ̀ dé. Èyí nìkan ni o fọwọ́ ara rẹ ṣe fún mi. N ò yọ ọ́. N ò ní yọ ọ́.

Onufrie ò tíì mú ọmọrí rẹ̀ wá, ibà dá a dùbúlẹ̀. Kó máa sinmi. Ààrò ti ń lọ́ra padà díẹ̀, orí sì ń fọ́ mi lọ́sàn-án, àmọ́ ẹja Paraschiva ni mo rò pé ó ṣe é. Mo fẹ́ ṣí fèrèsé lánàá. Mo rántí iye ọdún tí o fi rà á, mo fi í sílẹ̀. Òtútù yìí pọ̀ jù lọ́dún yìí, omi kànga ti dì.

Ẹsẹ̀ mi gbóná. Má ṣe ìyọnu.

Ìyá rẹ


Padova, ọjọ́ kìíní oṣù Kejì

Màmá,

N ò kí yín lónìí. Kí ẹ tó ka ìlà tó kàn, ẹ dìde, ẹ lọ yọ síkáàfù yẹn kúrò nínú páìpù. Ẹ ṣí fèrèsé. Ẹ jáde síta. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá ka ìyókù.

Kì í ṣe ẹ̀bùn, Màmá. Ìgbàgbé ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mò ń lọ, iná ti kú, ẹ̀ ń wúkọ́, mo gbọ́ atẹ́gùn abẹ́ ilẹ̀kùn yẹn lẹ́sẹ̀ ara mi, ara mi sì bù máṣọ bí ti yín. Mo ní kí n dí páìpù náà fún wákàtí kan, kí a fi mu tíì. Mo fẹ́ yọ ọ́ kí a tó dáná. Nicanor bá ń fọn fèrè. Mo gbàgbé. Nínú bọ́ọ̀sì ni mo ti ń wá síkáàfù, mo rò pé mo so ó kọ́ sára ilẹ̀kùn yín. Mo rò pé ìyẹn nìkan ni mo gbàgbé!

Ẹ kọ lẹ́tà yín ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, òní ló dé ọwọ́ mi. Ọjọ́ méje sí i ni ẹ tún ti fi ń dáná. Mo ti ju ẹ̀dà lẹ́tà yìí kan sínú àpótí ìfìwéránṣẹ́. Mo fún Nicanor ní èyí, mo ní kó má kọ́kọ́ já ẹnikẹ́ni sílẹ̀, kó wá kan ilẹ̀kùn yín. Ó ní wọ́n ní yìnyín ti di ojú ọ̀nà lẹ́yìn ẹnubodè. Mo kúnlẹ̀ fún un lójú gbogbo èrò.

Ẹ yọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ sun ún níná.

Zina


Valea Nucilor, ọjọ́ kẹjọ oṣù Kejì

Zina, ọmọ ọ̀gá mi,

Onufrie ló ń kọ èyí. Ìyá rẹ wà láàyè. Mo kọ́kọ́ sọ ìyẹn kí ọkàn rẹ lè balẹ̀ ka ìyókù.

Àná ni Nicanor tó dé. Ó bá ilẹ̀kùn ní títì, ó sì mú lẹ́tà rẹ wá fún mi. Ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀ kí o tó kọ ọ́. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù tó kọjá, ara mi yá díẹ̀, mo sì gbé ọmọrí irin náà lọ fún un lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Mo kan ilẹ̀kùn títí. Ajá wà lórí ìloro, ó ń ké. Mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí i lórí pẹpẹ ààrò, ó dùbúlẹ̀ jẹ́jẹ́, ojú rẹ̀ pọ́n, ó lẹ́wà bí ìyàwó. Ìgbà náà ni mo mọ̀. Mo fi ọmọrí irin náà fọ́ gíláàsì fèrèsé tuntun rẹ, méjèèjì. Ó le. Mo lù ú lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Mo gbé e jáde sínú yìnyín, mo sì ń gbá a lẹ́rẹ̀kẹ́ títí ó fi bì.

Ó lo ọjọ́ mẹ́fà nílé ìwòsàn ní ìlú, lọ́dọ̀ mi ló sì wà báyìí títí n ó fi dí fèrèsé tó fọ́. Dókítà bi í pé ta ló dí páìpù náà. Ó ní òun ni. Ó ní òun darúgbó, òtútù ń mú òun. Ó búra lé e lórí. Zina, mo mọ síkáàfù náà, mo rí i lọ́rùn rẹ nígbà Kérésìmesì. N ò sọ fún ẹnikẹ́ni, n ò sì ní sọ.

Ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ tó fi wà lọ́dọ̀ mi, ọ̀rọ̀ rẹ̀ gún. Láti ìjẹta, ó ń ṣe é lọ́nà kan. Ó bi mí ibi tí ọ̀gá mi wà, ó ní kí n sọ fún un kó padà wálé jẹun. Dókítà ní ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ nígbà míì, pé èéfín yẹn máa ń lọ, á tún padà wá mú nǹkan lọ nínú ọpọlọ. Ó ní kí a ní sùúrù. N ò fẹ́ràn bó ṣe wí i.

Èmi náà jẹ̀bi. Kò yẹ kí n fi páìpù sílẹ̀ láìní ọmọrí. Ọ̀gá mi ì bá ti lù mí.

Onufrie


Padova, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kejì

Màmá mi,

Èmi ni, Zina. Mo mọ̀ pé Ẹ̀gbọ́n Onufrie ló máa ka èyí sí yín létí.

Ẹ má purọ́ fún dókítà mọ́ nítorí mi. Èmi ni mo dí i. Èmi náà ni mo bú yín nígbà tí ẹ ṣí fèrèsé. Gbogbo ohun tí mo fi ṣọ́ yín ni mo fi fún yín lọ́rùn, ó sì ń dùn mí débi pé n ò lè gbé orí sókè.

Mo fẹ́ wá lọ́jọ́ kejì gan-an. Ìyáàfin Ottavia ṣubú, egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́. Mo pe Carla ní Milano, mo ní ìyá mi ń ṣàìsàn. Ó ní, "Ta ló máa wá dúró ti ìyá mi?" Mo fẹ́ bi í pé ìwọ ńkọ́. N ò bi í. Ta ni èmi tí màá bi ọmọ ẹlòmíràn ní ìbéèrè yẹn? Ó ní òun á rí ẹni tó máa gba ipò mi ní ìdajì oṣù tó ń bọ̀. Tí ó bá rí i, tí kò rí i, mo máa wọ bọ́ọ̀sì Nicanor ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta.

Ẹ dúró dè mí. Ẹ kọ ìlà kan ṣoṣo sí mi, pẹ̀lú ọwọ́ ara yín, kí n rí i.

Zina


Valea Nucilor, ọjọ́ keje oṣù Kẹta

Sí ìyáàfin rere tó ń kọ̀wé sí mi,

Mo kí yín o, ìyáàfin. Onufrie ní kí n kọ̀wé sí yín, ó ní ẹ̀ ń retí rẹ̀. Ẹ ṣeun fún lẹ́tà yín. Ó máa ń kà á sí mi létí, ojú rẹ̀ á sì máa pọ́n, n ò mọ ohun tó ń ṣe é. Mo fi òwú pupa àti funfun sínú èyí, tí a máa ń so mọ́ àyà ní oṣù Kẹta. Ẹ so ó mọ́ra, ó yẹ obìnrin.

Ẹ ní ẹ̀yin lẹ dí páìpù mi. Ẹ má sunkún, ìyáàfin, kì í ṣe ẹ̀yin. Ọmọ mi ló dí i. Zina lorúkọ rẹ̀. Síkáàfù ọrùn ara rẹ̀ ló fi dí i nítorí ẹsẹ̀ mi, mo sì fi í pa mọ́ sínú àpótí pẹ̀lú ọṣẹ rẹ̀. Òun náà wà ní ìlú yín lọ́hùn-ún, ó ń tọ́jú ìyá àgbàlagbà kan tí kò dá a mọ̀, tó ń fi orúkọ ẹlòmíràn pè é. Ó kọ ọ́ sí mi. Ó ní òun kàn ń jẹ́ orúkọ náà lọ kí ìyá yẹn má baà sunkún. Ọmọ mi láàánú.

Onufrie ní ẹnìkan ń bọ̀ wá wò mí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, obìnrin. Tí ó bá ṣe ẹ̀yin ni, ẹ wọlé tààrà, ẹ má kan ilẹ̀kùn. Gíláàsì fèrèsé ti fọ́, Onufrie fi pákó dí i, atẹ́gùn sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé bíi ti àtijọ́, ààrò ń jó dáadáa.

Tí ẹ bá rí Zina ní ọ̀nà, ẹ bá mi sọ fún un pé kó máa bọ̀ nílé. Ẹ ní mo ti fi fèrèsé sílẹ̀ ní títì.

Agafia